Kí Ohun Tuntun Fẹsẹ̀ Ara Rẹ̀ Dúró: Ọ̀rọ̀ Àsọyé Lórí Ìṣètò Inú Ilé Alámọ̀ Àtijọ́ ní Zaria àti Kano

Ẹ̀yin olùkọ́ wa, ẹ̀yin àgbà àdúgbò, ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ ìyàwòrán ilé àti ìṣètò inú ilé ní Zaria, Kaduna àti Abuja, ẹ kú ìjókòó. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún yín ni pé kí ẹ mú ilé àtijọ́ kan, kí ẹ wá iṣẹ́ tuntun fún un. Ẹni tó ń gbé Abuja kò ní tètè rí irú ilé bẹ́ẹ̀ nítòsí, torí ọdún 1991 ni ìjọba kó dé ibẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ kò sì tíì gbó. Birnin Zaria, ìyẹn Zaria àtijọ́, àti àárín ìlú Kano ni ọ̀pọ̀ yín máa forí lé. Ilé alámọ̀ ni ẹ ó bá níbẹ̀, òun náà la sì fẹ́ jíròrò lé lórí lónìí.

Ohun tí mo wá sọ kò gùn. Ohunkóhun tí ẹ bá gbé wọ inú ilé alámọ̀, kí ó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ dúró. Kó má gbára lé ògiri, kó má rọ̀ mọ́ òrùlé, kó má sì sé omi mọ́ inú amọ̀. Bí wọ́n bá ní kí ẹ kó o kúrò lọ́la, kí ẹ lè kó o kúrò, kí ilé sì wà bí ẹ ṣe bá a. Àwòrán tó bá kùnà nínú iṣẹ́ yìí, bó ti wù kó dára lójú, ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí ló sábà máa ń pa á.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí a fẹ́ fọwọ́ kàn. Ní ìlú tiwa, amọ̀ tútù ni wọ́n ń mọ ní ìpele-ìpele. Ìpele kan á gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Tubali ni àwọn magini, ìyẹn àwọn mọlémọlé Hausa, fi ń mọ ilé níbí: amọ̀ tí wọ́n fọwọ́ mọ, tí orí rẹ̀ ṣóńṣó, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀, tí wọ́n sì sá sóòrùn títí ó fi gbẹ. Wọ́n á tò ó ní ìlà-ìlà, wọ́n á fi amọ̀ tútù dí àlàfo àárín rẹ̀, wọ́n á wá rẹ́ ẹ nínú àti níta. Ìdí ògiri máa ń nípọn ju orí rẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí náà, bí ẹ bá fi téèpù wọn inú yàrá nísàlẹ̀, tí ẹ sì tún un wọn lókè, iye méjèèjì kò ní bára mu. Ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀.

Azara ló ń gbé òrùlé. Igi giginya, igi kan tó jọ ọ̀pẹ, ni, tí wọ́n là ní gbọọrọ. Ikán kì í fẹ́ràn rẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń pẹ́, ṣùgbọ́n igi náà kì í gùn. Bíi mítà 2 ni wọ́n sábà máa ń gé e sí, gígùn rẹ̀ yìí ló sì ń pinnu bí yàrá ṣe máa fẹ̀ tó. Bí magini bá fẹ́ yàrá tó gbòòrò ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa to azara léra, á máa yọ ọ́ síwájú díẹ̀díẹ̀ láti ara ògiri méjì tó kọjú síra, títí tí wọ́n á fi pàdé lókè. Á wá fi amọ̀ bò wọ́n. Baka ni wọ́n ń pè é. Babban Gwani Mikaila ló kọ́ Mọ́sáláṣí Jímọ́ọ̀ ti Zaria ní àwọn ọdún 1830, baka inú rẹ̀ ló sì sọ ọ́ di ilé tí gbogbo ayé mọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rí irú iṣẹ́ yìí láìyọ onílé kankan lẹ́nu, kó lọ sí ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tó wà ní Jos. Zbigniew Dmochowski, ayàwòrán-ilé ọmọ Poland, ló darí bí wọ́n ṣe kọ́ àwọn ilé ìbílẹ̀ Nàìjíríà sínú ọgbà ibẹ̀, mọ́sáláṣí Zaria sì wà lára wọn.

Wíwọn ilé kí pẹ́ńsù tó kan bébà

Ilé tí kò ní igun kan tó gún régé kò ṣeé wọn bí a ṣe ń wọn ilé búlọ́ọ̀kù. Fún yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ wọn ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí ẹ sì wọn láti igun sí igun lọ́nà méjèèjì. Iye mẹ́fà nìyẹn, kò sí èyí tí ẹ lè fò nínú wọn. Bí yàrá bá gún, iye igun sí igun méjèèjì á dọ́gba. Bí wọ́n bá fi sẹ̀ǹtímítà 15 yàtọ̀ síra, tó sì jẹ́ pé onígun gígún ni ẹ yà, tábìlì tí káfíńtà bá kàn látinú àwòrán yín kò ní wọlé síbi tí ẹ ní kó wà.

Fún gíga, ẹ wá rọ́bà tó mọ́ gaara tí àwọn bírìkìlà ń pọn omi sí. Ẹ fi í mú ìlà kan tó tẹ́jú yí yàrá ká ní nǹkan bíi mítà 1 sókè, kí ẹ wá máa wọn láti ìlà náà lọ sókè àti sí ìsàlẹ̀. Òwú ni kí ẹ fi ṣe ìlà yìí níbi tí ọnà bá wà lára ògiri. Ẹ má fi ṣọ́ọ̀kì tàbí pẹ́ńsù kan ọnà náà rárá. Ẹ wọn bí ògiri ṣe nípọn tó ní ẹnu ilẹ̀kùn àti ní ojú fèrèsé, níbi tí èèyàn ti lè rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ so òkúta mọ́ okùn, kí ẹ jẹ́ kó rọ̀ láti òkè ògiri wá sílẹ̀, kí ẹ mọ ibi tó tẹ̀ sí. Bí ẹ bá padà délé, ẹ ya ilẹ̀ ilé ní ìwọ̀n 1:50, ògiri inú kọ̀ọ̀kan ní 1:20, ibi tí ohun tuntun bá ti fẹ́ pàdé ohun àtijọ́ ní 1:5. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kì í yà, òun gan-an sì ni olùkọ́ tó mọ iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ béèrè.

Àwọn àgbà ní bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò ráyè wọ̀ ọ́. Ibi tó là lára ògiri lọ́rọ̀ tó ń sọ, ẹ kàn gbọ́dọ̀ mọ bí a ṣe ń kà á. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ tó fọ́n kálẹ̀ lójú ìrẹ́ kò burú: amọ̀ tó sún kì nígbà tó ń gbẹ ni. Bí ògiri bá là ní òòró ní igun yàrá, ògiri méjì ló ń ya ara wọn. Bí ó bá là ní ìdábùú láti igun fèrèsé lọ sókè, àtẹ́rígbà ti jẹrà tàbí ìpìlẹ̀ ń rì. Bí ìsàlẹ̀ ògiri bá ń ṣí kúrò, tó ń ya bọ́, omi ló ń jẹ ẹ́ nídìí. Níbi tó bá là, ẹ fi ìlà kékeré sàmì sí òpin rẹ̀ méjèèjì, ẹ kọ ọjọ́ sí i, ẹ wọn bó ṣe fẹ̀ tó, kí ẹ padà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì-méjì. Èyí tí kò kúrò lójú kan jẹ́ àpá àtijọ́. Èyí tó ń fẹ̀ sí i kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ń ṣètò inú ilé mọ́. Ẹ pe ẹ̀ńjìníà, ẹ sì jáde kúrò níbẹ̀.

Mi ò sọ èyí láti dẹ́rù bà yín. Ní ọjọ́ 11 oṣù kẹjọ ọdún 2023, apá kan nínú mọ́sáláṣí Zaria tí mo dárúkọ lẹ́ẹ̀kan wó lu àwọn tó ń kírun ìrọ̀lẹ́, èèyàn sì kú. Ìròyìn tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ ni pé wọ́n ti rí ibi tó là ṣáájú. Ẹ wo oṣù tó bọ́ sí: àárín òjò.

Omi ni ọ̀gá

Òjò Zaria máa ń bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí oṣù karùn-ún, á sì rọ̀ wọ oṣù kẹwàá. Ní gbogbo ìgbà yẹn, òrùlé alámọ̀ tó tẹ́jú ń ṣe iṣẹ́ méjì: ó ń gbé ara rẹ̀, ó sì ń darí omi sí indararo, ìyẹn ọ̀pá tó yọ jáde lára ògiri tó ń tú omi sílẹ̀ jìnnà sí ìdí ilé. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Mìlímítà òjò 1 lórí mítà alópo méjì 1 jẹ́ omi lítà 1. Yàrá tí òrùlé rẹ̀ jẹ́ mítà 4 sí mítà 5 ní mítà alópo méjì 20. Bí òjò mìlímítà 50 bá rọ̀, tí ewé tàbí ìtẹ́ ẹyẹ sì dí indararo, omi lítà 1,000 ló jókòó sórí azara yẹn, tọ́ọ̀nù kan gbáko, kí amọ̀ tó ti mumi yó tó tún wúwo sí i.

Ohun kejì kì í hàn sójú. Ọdọọdún ni àwọn onílé ń rẹ́ òrùlé kí òjò tó dé, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n kò bá há ti àtijọ́ kúrò, ìrẹ́ tuntun tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 2 ń fi nǹkan bíi kílò 36 kún mítà alópo méjì kọ̀ọ̀kan. Lórí yàrá tí a ṣírò yẹn, ó ju kílò 700 lọ lọ́dún kan. Ọdún márùn-ún, ó ti ju tọ́ọ̀nù mẹ́ta àbọ̀. Azara kò tíì jẹrà, ikán kò tíì jẹ ẹ́, òrùlé wó, gbogbo ènìyàn ń sọ pé ilé ti darúgbó. Iṣẹ́ àtúnṣe gan-an ló pa á. Nítorí náà, ẹ béèrè lọ́wọ́ onílé bí wọ́n ṣe ń rẹ́ òrùlé, kí ẹ sì wọn bí amọ̀ orí rẹ̀ ṣe nípọn tó ní ẹnu indararo. Ẹ má gbé fáànù, iná ńlá tàbí àjà POP rọ̀ mọ́ azara láé. POP náà ní àléébù mìíràn: ó ń bo ojú ibi tí omi ti ń jò, ìgbà tí ẹ bá máa rí i, nǹkan ti bàjẹ́ tán lókè.

Símẹ́ńtì wá ńkọ́? Ó rọrùn láti rò pé bí a bá kan wáyà mọ́ ògiri, tí a fi símẹ́ńtì rẹ́ ẹ, ilé ti lágbára. Amọ̀ máa ń wú díẹ̀ bó bá mumi, ó sì máa ń sún kì bó bá gbẹ. Símẹ́ńtì kì í bá a lọ, kì í bá a bọ̀, nítorí náà ó máa ń là. Omi á gba ojú ibi tó là wọlé, kò sì ní rí ọ̀nà jáde, torí símẹ́ńtì kò jẹ́ kí ògiri mí. Ẹ fi eegun ìka kan ògiri bẹ́ẹ̀ wò. Bó bá dún gbọ̀ǹgbọ̀n bí akèrègbè òfìfo, amọ̀ ti kúrò lẹ́yìn ìrẹ́. Bó bá wá ya lulẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó máa ń fa ojú ògiri dání. Pẹ́ńtì olómi tí a ń kùn sí ilé búlọ́ọ̀kù ń ṣe irú ohun kan náà, kàn ni pé tirẹ̀ ń falẹ̀.

Ohun tó yẹ ògiri alámọ̀ ni amọ̀. Ẹ bu amọ̀ tí ẹ fẹ́ lò kún ìdá kan nínú mẹ́ta ìgò kan, ẹ pọn omi lé e, ẹ mì í dáadáa, kí ẹ gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn á wà nísàlẹ̀, amọ̀ tó kúnná á wà lókè. Bí èyí tó kúnná bá pọ̀ jù, ìrẹ́ yín á là bó bá gbẹ, ẹ fi yanrìn àti koríko tí a gé wẹ́wẹ́ kún un. Bí yanrìn bá pọ̀ jù, á máa gbọ̀n dànù bí ẹ bá fọwọ́ rá a. Ẹ pò ó ní oríṣi mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí ẹ rẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ojú ògiri tí kò hàn síta, sẹ̀ǹtímítà 30 sí 30, kí ẹ wò ó lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan. Níta, ibi tí òjò ń lù, àwọn magini máa ń lo makuba, omi èèpo èso igi tí àwa ń fi hóró rẹ̀ ṣe irú. Ní Kano, wọ́n tún máa ń lo katsi, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó kù nísàlẹ̀ kòtò aró. Ẹ má rẹ́ ògiri láàárín òjò, kò ní gbẹ. Bó bá sì jẹ́ ìgbà ọyẹ́ lẹ rẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ gbígbẹ á fà á gbẹ jù, á sì là, àfi kí ẹ ta àpò tútù bò ó fún ọjọ́ mélòó kan.

Iṣẹ́ wo ni ilé yìí lè gbé?

Bí ẹ bá ti wọn ilé tán, ó ti sọ ohun tó lè ṣe fún yín. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ní gbọ̀ngàn ìgbéyàwó lòun fẹ́ fi soro, ìyẹn yàrá ńlá inú ilé náà, ṣe, ó ní láti wó ògiri. Èyí tó ní òtẹ́ẹ̀lì lòun fẹ́, tí yàrá kọ̀ọ̀kan ní ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, ó fẹ́ gbé omi wọ àárín amọ̀ ní ibi mẹ́fà. Èmi kò ní fọwọ́ sí èyíkéyìí nínú méjèèjì. Iṣẹ́ tó fẹ́ràn yàrá kéékèèké ló yẹ ilé yìí: ibi ìkàwé, ibi ìṣàfihàn, ibi tí wọ́n ti ń rán fìlà tàbí tí wọ́n ti ń kọ́ ọmọdé ní iṣẹ́ ọnà. Gidan Makama ní Kano ni kí ẹ fi ṣe àwòkọ́ṣe. Ilé tó ti wà láti nǹkan bíi sẹ́ńtúrì karùn-ún-dín-lógún ni, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé ló sì jẹ́ lónìí, ó ní yàrá ìṣàfihàn 11. Èèyàn ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn, ìtàn sì ń tẹ̀ lé ìrìn rẹ̀. Gidan Dan Hausa náà wà ní Kano níbẹ̀: Hanns Vischer, ọmọ Switzerland, ló gbé inú rẹ̀ nígbà tí àwọn Òyìnbó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dá ilé-ìwé wọn sílẹ̀ ní Kano.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí irú rẹ̀ wọ́pọ̀. Ó ní zaure níwájú, mítà 3 sí 4. Àgbàlá, mítà 7 sí 8. Yàrá mẹ́ta tó yí àgbàlá ká, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 2.2 sí 4.5, àti soro kan tó ní baka, mítà 5 sí 5. A fẹ́ fi ṣe ibi ìkàwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àdúgbò, kí a sì máa ṣàfihàn aṣọ aláró nínú rẹ̀.

Zaure ni àlejò ń dúró sí nílé Hausa, gẹ́gẹ́ bí ìloro nílé wa. Ẹ jẹ́ kó máa ṣe iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Tábìlì ẹni tó ń gba àlejò àti bẹ́ǹṣì méjì ti tó níbẹ̀. Ẹ má ṣí ojú rẹ̀ síta kí àwọn tó ń kọjá lè máa wo inú àgbàlá tààrà. Ìdí tí wọ́n fi yí ọ̀nà rẹ̀ nìyẹn, àwọn aládùúgbò kò sì ní dunnú sí i bí ẹ bá tọ́ ọ.

Inú yàrá mẹ́ta yẹn ni àwọn akàwé máa jókòó sí. Fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 220. Ẹ yọ 10 fún àlàfo láàárín tábìlì àti ògiri, 60 fún tábìlì, 60 fún àga àti ẹni tó jókòó, 90 fún ọ̀nà tí ẹlòmíràn á gbà kọjá. Ó pé 220 géérégé. Ìyẹn ni pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni tábìlì lè wà. Ní gígùn, bí ẹnì kọ̀ọ̀kan bá gba 90, èèyàn márùn-ún ló máa jókòó, yàrá mẹ́ta gba 15. Àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ sábà máa ń kó èèyàn 40 wọ ibẹ̀, torí wọ́n ya àga láìya ẹni tó máa jókòó sórí rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ lo àgbàlá ní ìrọ̀lẹ́, lábẹ́ tapólì tó ní òpó tirẹ̀. Ẹ ri òpó kọ̀ọ̀kan mọ́ inú garawa lítà 20 tí a pọn kọnkéré sí, tó wúwo tó bíi kílò 45. Ẹ má so okùn tapólì mọ́ orí ògiri, kí ẹ sì ká a kúrò bí ìjì òjò bá ṣú, torí ìjì àkọ́rọ̀ òjò máa ń gbé garawa bẹ́ẹ̀.

Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 yẹn, ẹ má fi tọrọ àyè. Afẹ́fẹ́ ń gba ibẹ̀ kọjá, ògiri ń gbẹ, bí ikán bá sì bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ̀nà gòkè, ojú á tètè tó o. Igi tí ẹ máa fi kan tábìlì kì í ṣe giginya, ikán sì fẹ́ràn irú igi bẹ́ẹ̀. Ẹ fi irin ṣe ẹsẹ̀ rẹ̀, tàbí kí ẹ gbé ẹsẹ̀ igi lé orí irin pẹlẹbẹ.

Ṣẹ́ẹ́fù ìwé ló sábà máa ń fa ìjà. Ìwé tó kún mítà 1 wúwo tó nǹkan bíi kílò 30. Ṣẹ́ẹ́fù alápá mẹ́fà tó fẹ̀ ní mítà 1, kílò 180 ni ìwé inú rẹ̀ nìkan. Ìṣó kò lè dúró lára amọ̀ fún irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Á kọ́kọ́ dì í mú, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ ihò rẹ̀ á gbò, á sì yọ pẹ̀lú ẹ̀kúfọ́ ògiri. Ẹ jẹ́ kí ṣẹ́ẹ́fù dá dúró. Bó bá ga tó mítà 2, kí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 60. Ẹ kọ ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ́fù méjì síra wọn, kí ẹ dè wọ́n pọ̀, ẹ sì ti ní ìdí yẹn láìná owó kún un. Ìwé tó wúwo wà nísàlẹ̀. Lórí ilẹ̀ tí wọ́n lù, ẹ kọ́kọ́ tẹ́ pákó tó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹsẹ̀ kan á rì ju èkejì lọ, gbogbo rẹ̀ á wá fì sápá kan. Ẹ sì má há ọ̀pá sí àárín ògiri méjì láti fi gbé nǹkan kọ́. Ó ń ti ògiri síta, ògiri alámọ̀ kò sì mọ bí a ṣe ń gba irú ìtì bẹ́ẹ̀.

Soro oníbaka ni kí ẹ fi ṣàfihàn aṣọ. Ẹ ta aṣọ sórí férémù igi tó fẹsẹ̀ kalẹ̀, kí ojú èèyàn lè kọjá lókè rẹ̀ lọ bá baka. Iṣẹ́ Babban Gwani àti àwọn tó tẹ̀ lé e ni olówó ń wá wò nínú yàrá náà. Aṣọ yín kò gbọ́dọ̀ bò ó.

Ìmọ́lẹ̀, ooru, àti ibi tí omi máa wà

Fèrèsé ilé yìí kéré, ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ sì máa ń yún un láti fẹ̀ ẹ́. Ẹ fi sílẹ̀. Bí ẹ bá gé e ní sẹ̀ǹtímítà 40 sí i, àtẹ́rígbà rẹ̀ kò ní tó mọ́. Dípò bẹ́ẹ̀, ẹ tan iná síbi tí iṣẹ́ wà. Ẹ wo ìṣirò yìí: ìwé kíkà fẹ́ nǹkan bíi lux 400 (lux ni ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ tó ń bọ́ sórí nǹkan, lumen sì ni ìwọ̀n èyí tí gílóòbù ń tú jáde). Láti tan gbogbo yàrá mítà alópo méjì 10 dé ìwọ̀n yẹn, ẹ nílò lumen 4,000, ìyẹn gílóòbù LED wáàtì 9 márùn-ún, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń fúnni ní bíi 800. Ògiri amọ̀ pupa á gbé bí ìdajì rẹ̀ mì, ẹ ó wá nílò mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbé iná tábìlì wáàtì 5 síwájú akàwé kọ̀ọ̀kan, ó tó, ògiri sì máa wà nínú òjìji tó yẹ ẹ́. Níbi aṣọ, lux 50 ni kó mọ, torí iná tó pọ̀ ń jẹ àwọ̀ aró, èyí tó bá sì ti ṣá kò ní padà. Wáyà iná kò gbọ́dọ̀ wọ inú ògiri: bí ẹ bá gbẹ́ ojú ọ̀nà wáyà sí i, ẹ ti la ọ̀nà fún omi àti ikán. Ẹ jẹ́ kó gba inú páìpù lórí ilẹ̀, létí ògiri, kí gbogbo èèyàn rí i.

Ẹ̀rọ amúlétutù kò yẹ níbí. Ní àsìkò òjò, ọ̀kan lè tú omi lítà 1 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sílẹ̀ láàárín wákàtí kan, bí rọ́bà rẹ̀ bá sì yọ, ìdí ògiri ni gbogbo rẹ̀ ń lọ. Ògiri tó nípọn yẹn gan-an jẹ́ amúlétutù bí ẹ bá mọ bí a ṣe ń lò ó: ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí ooru bá mú, ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn lálẹ́ kí ògiri tutù, kí ẹ tì wọ́n ní nǹkan bí agogo mẹ́sàn-án àárọ̀ kí oòrùn tó gbóná. Fáànù onídùúró á ṣe èyí tó kù.

Ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gbọ́dọ̀ wọ inú ilé àtijọ́. Ẹ kọ́ ọ lọ́tọ̀ sí ẹ̀yìn àgbàlá, kó jìnnà sí ògiri amọ̀ tó mítà 1 ó kéré tán, kí omi rẹ̀ sì ṣàn lọ síta. Ilẹ̀ àgbàlá náà gbọ́dọ̀ dagun kúrò lára ilé, sẹ̀ǹtímítà 2 nínú mítà kan. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, ìdọ̀tí gọ́tà àti yẹ̀pẹ̀ ọ̀nà ti ga ju ìdí ilé lọ, omi wá ń dúró síbẹ̀. Bí ẹ kò bá kọ́kọ́ kó yẹ̀pẹ̀ yẹn kúrò, gbogbo ohun tí ẹ ṣe nínú ilé ti di òfò.

Ní ti ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́ aláàrùn ẹsẹ̀: ó nílò ẹnu ọ̀nà tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 80, ilẹ̀kùn àtijọ́ sì sábà máa ń kéré sí i. Ẹ má gé e. Ẹ fi àwọn ohun tó ṣe pàtàkì sí zaure àti àgbàlá, níbi tó lè dé. Bí ibi tí a ń tẹ̀ wọlé lẹ́nu ọ̀nà bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 15, ẹ fi pákó ṣe ọ̀nà dídagun tó gùn ní mítà 1.8, èyí tí a lè gbé kúrò.

Ẹ gba àṣẹ kí ẹ tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ onílé àti mai unguwa, ìyẹn olórí àdúgbò. Ọmọ Yorùbá tó bá kí wọn pẹ̀lú ọ̀wọ̀, tó sì sọ ohun tó ń wá, kì í ṣòro fún wọn láti gbà. Bí ilé bá wà lára àwọn tí ìjọba ti kéde gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí, àjọ NCMM, ìyẹn àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àti ohun ìrántí, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1979 ló ni àṣẹ, kò sì sí ẹni tó lè yí nǹkan kan padà níbẹ̀ láìgba ìwé lọ́wọ́ wọn, ì báà jẹ́ onílé.

Bébà tó kẹ́yìn nínú iṣẹ́ yín kì í ṣe àwòrán aláràbarà tí kọ̀ǹpútà yà. Ó jẹ́ ojú ìwé kan tó sọ ẹni tó ń ṣe kí ni, ní oṣù wo. Oṣù kẹta: há amọ̀ àtijọ́ kúrò lórí òrùlé kí o tó rẹ́ tuntun, yọ ìtẹ́ ẹyẹ kúrò nínú indararo. Oṣù kẹrin: da garawa omi méjì sórí òrùlé, wo ibi tó dúró sí. Oṣù karùn-ún sí ìkẹwàá: lẹ́yìn òjò ńlá kọ̀ọ̀kan, yí ilé po lọ wo ìdí ògiri. Oṣù kọkànlá: tún ibi tó ya rẹ́, wọn gbogbo ibi tó là. Kí orúkọ iṣẹ́ ẹnì kan wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí owó rẹ̀ sì wà lára iye tí ẹ kọ sílẹ̀ pé iṣẹ́ náà máa ná onílé. Ojú ìwé yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé síwájú àwọn tó máa wo iṣẹ́ yín, kí wọ́n tó ṣí àwòrán.